Kí ìyá elégúgúrú lè gbọ́: bí a ṣe ń ṣètò ohùn, àwòrán àti iná fún ọdún ìlú ní gbangba

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ní ọdún ìlú kan, onílù kan fi ìyáàlù ki ìdílé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó wà níwájú bọ́ sójú agbo, wọ́n ń jó, wọ́n ń náwó. Àwọn ọmọ ìdílé yẹn gan-an, tí wọ́n jókòó sábẹ́ kánópì tó wà lẹ́yìn pátápátá, ń jẹun ní tiwọn. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń kì. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ wọn kò ju "gbì-gbì-gbì" lásán lọ. Bẹ́ẹ̀ sípíkà wa pọ̀, ó ga bí ilé. Ẹ̀rọ ò wọ́n wa. Ètò la ò ṣe.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ètò. Ní gbogbo ọdún ìlú, ìyá kan máa ń wà tó ń ta gúgúrú tàbí ẹ̀pà nídìí ògiri, níbi tó jìnnà jù sí pèpéle. Bí ìyá yẹn bá gbọ́ ohun tí ìlù ń wí, tó sì rí ojú kábíyèsí lórí àwòrán, a jẹ́ pé gbogbo pápá ti gbọ́, wọ́n ti rí. Òun ni mo fi ń wọn iṣẹ́ mi. Àpẹẹrẹ tí màá máa lò níbí ni ọjọ́ ìlú lórí pápá iléèwé girama: nǹkan bí 3,000 èèyàn, láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ di mẹ́wàá alẹ́, pẹ̀lú ọba, àwọn ẹgbẹ́ oríṣiríṣi, àti eléré fújì kan tí yóò fi alẹ́ parí rẹ̀.

## Oṣù mẹ́ta ṣáájú: ẹ fẹsẹ̀ rin pápá náà

Ẹ má dá iye owó fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ sì lọ ní ìrọ̀lẹ́, torí ìgbà náà lẹ máa rí ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Pèpéle tó bá kọjú sí ìlà-oòrùn yóò mú kí àwọn èrò máa wo oòrùn ìrọ̀lẹ́ lójú kòrókòró. Èyí tó bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ojú pátákó LED yín (pátákó tó ń fi iná kéékèèké gbé àwòrán jáde) ni oòrùn yóò máa tàn sí, àwòrán á ṣá bí aṣọ tó ti pẹ́ lórí okùn. Bí pápá bá gbà, ẹ kọ pèpéle sí àríwá tàbí gúúsù.

Ẹ wọn ilẹ̀ láti ibi pèpéle dé ìdí ògiri. Lórí pápá àpẹẹrẹ wa, ó jẹ́ mítà 80. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, òun la máa fi ṣe ìṣirò ohùn. Lẹ́yìn náà ẹ wòkè: bí wáyà iná ìjọba bá gba orí pápá kọjá, ẹ má ṣe gbé irin kankan sókè nítòsí rẹ̀. Ẹ wolẹ̀: ibo ni omi máa ń dúró sí bí òjò bá rọ̀? Ọ̀nà wo ni ọkọ̀ akẹ́rù lè gbà wọlé, ta ló sì ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀? Mo ti dúró lẹ́nu géètì iléèwé kan láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago mẹ́ta òru, nítorí pé ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ sí ìsìn àìsùn, kò sì gbé fóònù.

Lẹ́yìn pápá, ààfin ló kàn. Ẹ bi àwọn olóyè tó ń rí sí ọdún náà ní ìbéèrè mẹ́rin. Níbo ni kábíyèsí máa jókòó, kí ni kò sì gbọ́dọ̀ ga ju ibẹ̀ lọ? Èwo nínú ètùtù ni a kò gbọ́dọ̀ ya àwòrán rẹ̀? Ṣé Orò máa jáde, ọjọ́ wo? Ta ni ẹnì kan ṣoṣo tó lè pàṣẹ pé kí ohùn dákẹ́?

Ìbéèrè Orò yẹn ni àwọn tó wá láti ìlú ńlá máa ń gbàgbé. Òru la fẹ́ràn láti já ẹrù, òru náà sì ni Orò sábà máa ń jáde. Bí obìnrin bá wà nínú òṣìṣẹ́ yín (nínú tèmi, obìnrin ló mọ mísà, ẹ̀rọ tí a fi ń po ohùn gbogbo máìkì pọ̀, jù gbogbo wa lọ), ẹ ní láti mọ̀ ṣáájú, kí ẹ lè já ẹrù lọ́sàn-án, kí gbogbo yín sì ti wà nínú ilé kó tó di alẹ́.

Ọdún kọ̀ọ̀kan ló ní èèwọ̀ tirẹ̀, èèwọ̀ náà sì máa ń yí bí a ṣe ń ta wáyà padà. Ẹ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Òṣùpá ló ń dá ọjọ́ rẹ̀: ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni, ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Ẹni tó bá ń ṣètò irú ọdún bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọjọ́ lè yẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, kí ẹni tó yá a ní ẹ̀rọ má baà sọ pé òun ti gbé e fún ẹlòmíì. Ọdún ẹlẹ́ṣin sì ni. Wáyà kankan kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ níbi tí ẹṣin máa gbà. Bí ẹ bá gbé e gba òkè, ẹ fi mítà mẹ́fà sí i, torí ẹni tó gun ẹṣin tó tún na ọ̀pá sókè ga ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn sípíkà ńláńlá tó ń mú àyà lù kìkì, ẹ má kọ wọ́n sójú ọ̀nà ẹṣin. Àwọn ìdílé Balógun a sì máa yìnbọn, nítorí náà ẹni tó wà nídìí mísà gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ìbọn máa dún, kó ti pa máìkì tó wà nítòsí.

Ti Ọ̀ṣun Òṣogbo ní oṣù kẹjọ tún yàtọ̀. UNESCO ti kọ igbó Ọ̀ṣun sínú ìwé ajogúnbá àgbáyé láti 2005. Igi àti ère ibẹ̀ kì í ṣe òpó tí èèyàn ń so wáyà mọ́, ilẹ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe ibi tí a ń kan irin mọ́. Arugbá ló ń gbé igbá ẹbọ lọ sí odò, gbogbo ìlú ló sì ń gbàdúrà kó má kọsẹ̀. Wáyà kan ṣoṣo lójú ọ̀nà rẹ̀ lè di ọ̀rọ̀ tí ìlú ò ní gbàgbé láéláé. Gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ lò lójú ọ̀nà náà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, tí èèyàn ń gbé kiri.

## Ìwé ètò: ẹ tún un kọ

Ìgbìmọ̀ máa fún yín ní ìwé ètò tó kọ "àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀, ijó ìbílẹ̀." Ẹ dúpẹ́, kí ẹ jókòó, kí ẹ tún un kọ fún ara yín. Sí ẹ̀gbẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ aago, ẹni tó máa sọ̀rọ̀, ibi tó máa dúró sí, iye máìkì, àti ohun tó máa wà lórí pátákó àwòrán nígbà náà. Níbi tí ẹ ò bá ti rí ohun kọ, ibẹ̀ gan-an ni ètò máa ti dàrú lọ́jọ́ náà. Ẹ pe akọ̀wé ìgbìmọ̀, kó dáhùn.

Ohun kékeré kan wà tó ń dójú tini: orin orílẹ̀-èdè. Láti ìparí oṣù karùn-ún 2024 ni Nàìjíríà ti padà sí orin àtijọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà aláriwo ló ṣì gbé èyí tí a pa tì. Ẹ gbé èyí tó tọ́ sórí kọ̀ǹpútà méjì, pẹ̀lú orin ìpínlẹ̀ àti orin ìlú, kí ẹ sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ tètè gba àtòjọ ohun èlò lọ́wọ́ eléré náà. Ẹgbẹ́ fújì kì í ṣe ẹgbẹ́ onígìtá mẹ́rin. Ìlù ni wọ́n: sákárà, dùndún, omele, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn agberin lẹ́yìn, kíbọ́ọ̀dù. Mísà oní-ihò 16 kì í tó wọn. Mo máa ń gbé oní-32 lọ. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń dúró, kí ẹ yà á sórí ìwé. Ẹ sì ṣírò àwọn tí kò sí nínú ìwé: àwọn tó máa gun pèpéle wá náwó. Òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 ka nínáwó lé èèyàn lórí sí ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì ti fi ṣẹjọ́, ṣùgbọ́n èèyàn á ṣì gòkè wá kí eléré. Pèpéle tí ẹ ṣe fún èèyàn 15, 40 lè wà lórí rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ sọ fún kápẹ́ńtà. Ẹ fi àyè ẹsẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ láàárín eléré àti àwọn sípíkà tó dùbúlẹ̀ níwájú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí sípíkà ni wọ́n máa jó sí.

## Ohùn

Ní gbangba, kò sí ògiri tó máa gbá ohùn padà. Nígbàkígbà tí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, dB mẹ́fà (dB ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe le tó) ló ń jábọ́ lára ohùn. Bí ó bá jẹ́ 100 dB ní mítà 10 sí sípíkà, á di 94 ní mítà 20, 88 ní mítà 40, 82 ní mítà 80. Àwọn èrò tó ń jẹun, tí wọ́n ń kíra wọn, tí ọmọ ń sunkún láàárín wọn, ariwo tiwọn náà lè fẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni "gbì-gbì" ti wá. Ohun tí àwọn kan máa ń ṣe ni kí wọ́n yí ohùn sókè sí i: àwọn olóyè níwájú á máa di etí, ẹ̀yìn ò sì ní gbọ́ yékéyéké síbẹ̀.

Ohun tó yẹ ni kí ẹ gbé sípíkà lọ bá àwọn ará ẹ̀yìn. Lórí pápá wa, mo máa gbé méjì sí mítà 45, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, lórí irin tó ga tó mítà mẹ́ta àbọ̀, kí wọ́n kọjú sí ògiri. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á gbé e, wọ́n á tàn án, ó tán. Ohùn inú afẹ́fẹ́ ń rin nǹkan bí mítà 349 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí ooru bá wà ní 30°C. Èyí tó gba inú wáyà ti dé kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ohùn tó ti pèpéle jáde á lo 129 ms (ìdá 129 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan) kó tó dé mítà 45. Bí ẹ ò bá dá sípíkà ẹ̀yìn dúró dè é, ẹni tó jókòó síbẹ̀ á gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "delay" sí lórí mísà, ẹ fi 129 sí i, ẹ tún fi nǹkan bí 10 lé e, kí etí lè gbà pé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lórí pèpéle ni ohùn ti ń wá.

Nínú èdè tiwa, ọ̀rọ̀ yìí le ju ti elédè mìíràn lọ. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń gbé ìtumọ̀. Bí ẹnu bá sọ igbá, igba àti ìgbà tí wọ́n sì gun ara wọn lórí, olùgbọ́ á ṣì tún un tò nínú orí rẹ̀ nítorí ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìyáàlù kò ní ètè, kò ní eyín. Ohùn mẹ́ta yẹn nìkan ló ní. Bí èyí tó pẹ́ dé bá gun èyí tó ń bọ̀ lórí, oríkì á di ìlù lásán, ẹni tí wọ́n ń kì á sì máa jẹun lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí máìkì ìlù, torí ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe jù. Onídùndún kì í dúró lójú kan, nítorí náà máìkì orí irin kò wúlò fún un. Ẹ lo máìkì kékeré tí a ń fi kílíìpù há mọ́ nǹkan, tí kò lo wáyà. Ẹ má há a mọ́ ọsán ìlù, torí ọsán yẹn ni onílù ń fún láti yí ohùn padà. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni ìró awọ tó ń ra ara. Ẹ há a mọ́ okùn tó fi gbé ìlù kọ́ èjìká, kí ẹnu máìkì kọjú sí awọ tí kọ̀ǹgó ń lù, ṣùgbọ́n láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ wo ṣaworo: bí ó bá sún mọ́ máìkì jù, òun nìkan lẹ máa gbọ́. Ẹ bẹ onílù kó sún un sí apá kejì. Bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́ dáadáa, á gbà. Máìkì ẹnu èèyàn, ẹ gé ohùn tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz kúrò lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ìró ẹsẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ti ìyáàlù, ẹ má gé e bẹ́ẹ̀ láìgbọ́ ọ kọ́kọ́. Kí onílù lu gbólóhùn kan tí gbogbo yín mọ̀, kí ọmọ iṣẹ́ kan dúró nídìí ògiri, kó fi fóònù sọ ohun tí ìlù wí. Bí kò bá lè sọ ọ́, iṣẹ́ ò tíì parí.

Máìkì kábíyèsí gbọ́dọ̀ dá wà. Ẹ fi aṣọ funfun bò ó, ẹ yan ẹnì kan tó máa gbé e. Ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ ní ààfin náà, kó sì ti dán máìkì wò kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ojú máa ń tì mí bí mo bá gbọ́ tí orí adé ń wí pé "hẹ́lò, hẹ́lò." Máìkì aláìníwáyà yòókù, ẹ pààrọ̀ bátìrì wọn ní ọ̀sán láìwò bóyá ó ti tán. Ẹ sì fi máìkì oníwáyà kan sórí pèpéle tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn. Bí rédíò bá dàrú, òun ló máa kó yín yọ.

Ibi tí mísà máa wà, ẹ jà fún un. Olùṣọ̀ṣọ́ á fẹ́ kẹ́ ẹ fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle kí pápá lè rẹwà. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí èrò ń gbọ́ kò lè tún un ṣe. Àárín pápá ni, ní nǹkan bí mítà 25 sí 30, lábẹ́ kánópì kékeré kan. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn, tàbí kí ẹ lo ti orí fóònù bó tilẹ̀ ń ṣìṣe díẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìlànà jáde ní 2022 pé kí ohùn ibi ayẹyẹ má ju 100 dB lọ ní ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 15. Ẹ sì fi irin dí iwájú àwọn sípíkà ńlá, torí ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé máa ń lọ jókòó.

## Iná

Ìgbà tí iná bá ṣe wàhálà, ohùn ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Ẹ ṣírò. Lórí pápá àpẹẹrẹ: ohùn 6 kW, pátákó LED 9 kW nígbà tó bá tàn jù, iná pèpéle 4 kW, kámẹ́rà, mísà àti ohun èlò eléré 2 kW. Ó di 21 kW. Ẹ pín in pẹ̀lú 0.8 kí ẹ lè rí kVA, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń pe agbára jẹnẹrétọ̀: ó di nǹkan bí 26 kVA. Jẹnẹrétọ̀ kò sì yẹ kó máa ṣiṣẹ́ ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lọ láti àárọ̀ di alẹ́, nítorí náà ẹ pín in pẹ̀lú 0.7: nǹkan bí 37.5. Ẹ yá 40 kVA. Ẹ yá méjì, kí ọ̀kan dúró de èkejì. Iná ìjọba, bó bá wà, kó máa gba àwọn olóúnjẹ.

Wáyà tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń jẹ iná. Wáyà 2.5 mm tó gùn tó mítà 100, bí 16 amp bá ń gba inú rẹ̀ lọ, nǹkan bí 24 volt ló máa sọnù: 230 tó ti jẹnẹrétọ̀ jáde á dé orí pèpéle ní 206, ẹ̀rọ á máa kú, á máa jí. Lo wáyà 10 mm, mẹ́fà péré ló máa sọnù. Mo mọ̀ pé ó wọ́n. Ó wúwo pẹ̀lú.

Bí jẹnẹrétọ̀ bá jẹ́ onífésì mẹ́ta, ẹ fún ohùn ní fésì tirẹ̀, àwòrán ní tirẹ̀, iná pèpéle ní tirẹ̀, kí ìró iná má baà wọ inú sípíkà. Ẹ kan irin bàbà mọ́lẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń já iná ní 30 mA sórí ìlà kọ̀ọ̀kan: olórin tó di máìkì mú lórí ilẹ̀ tútù lẹ̀ ń dáàbò bò. Mísà àti kọ̀ǹpútà, kí wọ́n wà lórí UPS, bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá já. Iná lè ṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, àmọ́ mísà òde òní á lo ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jí, àtọ́kùn ètò á sì ti dá àpárá tán.

Ẹnì kan máa wá bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun ki fíríjì ọtí òun bọ̀ ọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ kọ̀.

Epo: 40 kVA tó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè mu lítà 7 sí 8 dísù ní wákàtí kan. Ètò wákàtí 12, ìdánwò wákàtí méjì, ẹ ra ju lítà 110 lọ, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ jìnnà sí iná àti sìgá. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ síbi tí èéfín rẹ̀ kò ní fẹ́ sábẹ́ kánópì.

## Àwòrán

Ẹ gbàgbé projector kí oòrùn tó wọ̀. LED ni ọ̀sán ń gbọ́ tirẹ̀, kì í sì ṣe gbogbo LED. Ti inú gbọ̀ngàn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ti gbangba yẹ kó tó 5,000 nits (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ pátákó), kí omi má sì lè wọ inú rẹ̀. Kí ẹ bi ẹni tó fẹ́ yá a yín, kí ẹ lọ wò ó níta nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ má wò ó nínú ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé lẹ́tà P, bíi P3.9, ń sọ ìwọ̀n àlàfo láàárín iná kan àti èkejì ní mílímítà; kí ẹni tó sún mọ́ ọn jù jìnnà tó mítà mẹ́rin.

Pátákó mítà 4 sí 3 nílò páńẹ́lì 48 bí ó bá jẹ́ oní-50 cm. Àwòrán ojú èèyàn lórí mítà mẹ́ta gíga máa hàn dáadáa dé nǹkan bí mítà 25 sí 30. Ìyá elégúgúrú wà ní mítà 80. Owó tí ẹ fẹ́ fi mú pátákó iwájú tóbi sí i, ẹ fi yá kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn sípíkà ẹ̀yìn. Ìgbìmọ̀ kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí pátákó ńlá níwájú ló ń dára nínú fọ́tò. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ náà.

Pátákó jẹ́ ìgbòkun. Bí ìjì bá dé, ó lè wó. Omi ni mo máa ń fi mú ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró: táǹkì lítà 1,000 tó kún jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, ó sì rọrùn láti rí ju bíríkì lọ.

Kámẹ́rà mẹ́ta tó. Ọ̀kan lẹ́yìn, lórí pákó tirẹ̀ tí kò kan ilẹ̀ ijó, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan tó ń rìn láàárín èrò. Ẹ fi gbogbo wọn sí àwòrán 25 tàbí 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí iná wa 50 Hz ni. 30 máa ń mú kí àwọn gílóòbù máa ṣẹ́jú nínú fídíò. Nínú wáyà tó ń gbé àwòrán kámẹ́rà, HDMI kì í lọ jìnnà, mítà 10 sí 15 ti pọ̀ fún un; SDI lè dé mítà 100 bí wáyà bá dára. Fún dúrónù, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò tipẹ́tipẹ́. Ẹ sì tún béèrè ní ààfin bóyá ó lè fò kọjá lórí ọba.

Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní London àti Houston fẹ́ wò ó bó ṣe ń lọ. Fídíò 1080p nílò nǹkan bí 5 Mbps lọ sókè, ẹ wá ìlọ́po méjì rẹ̀. Ìdánwò tí ẹ ṣe ní pápá òfìfo kì í ṣe òótọ́, torí nígbà tí 3,000 fóònù bá dé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á rọ. Ẹ lo síìmù ilé-iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀, ẹ sì máa ká fídíò náà sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ yín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, London àti àwa jọ ń lo aago kan, Houston fi wákàtí mẹ́fà dúró lẹ́yìn wa. Bí kábíyèsí bá wọlé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, aago mẹ́rin ìdájí ni ní Houston. Nígbà tí DJ bá ń lu rẹ́kọ́ọ̀dù ẹlòmíì, ẹ dín ohùn rẹ̀ kù nínú fídíò tó ń lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ YouTube tàbí Facebook lè pa á.

## Òjò

Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, ẹ ṣètò bí ẹni pé yóò rọ̀. Ìsinmi òjò oṣù kẹjọ kì í ṣe ìlérí. Ẹ gé ọ̀rá sílẹ̀ fún sípíkà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára, ẹ yan ẹni tó máa bo èwo. Gbogbo ibi tí wáyà ti so pọ̀, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, sórí bíríkì tàbí àpótí.

Ẹ jọ fẹnu kò ṣáájú lórí ẹni tó máa sọ pé "ẹ pa iná." Bí ẹ bá gbọ́ àrá, pèpéle onírin gbọ́dọ̀ ṣófo, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ní ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu. Alága ìgbìmọ̀ tó ń wo àlejò pàtàkì lójú kò lè ṣe é. Èmi ni mo máa ń ṣe é, mo máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn, wọ́n sì ti bú mi nítorí rẹ̀ rí. Ní oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá yín: ẹ fi aṣọ bo mísà, ẹ nu ojú kámẹ́rà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

## Ọjọ́ náà àti òru rẹ̀

Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà lójú kan, kó sì ti dún, ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ san owó ẹ̀ṣọ́ fún òru náà, kí ẹ̀ṣọ́ náà jẹ́ ọmọ àdúgbò. Ẹni tó mọ àwọn ọmọ ìta ní orúkọ wúlò ju ẹni tó wọ aṣọ dúdú lọ. Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, ẹ tan jẹnẹrétọ̀. Ní aago méje, ẹ rìn láti pèpéle dé ìdí ògiri nígbà tí ẹnì kan ń kàwé sínú máìkì. Ní aago mẹ́jọ, ẹ jẹun, torí ẹ ò ní rí àyè mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ní nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ sí méje, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ pátákó LED kù sí ìdá 30 tàbí 40. Èyí tó bá ọ̀sán mu máa fọ́ ojú lálẹ́, kámẹ́rà ò sì ní rí eléré mọ́. Mo máa ń kọ ọ́ sórí ọwọ́ mi kí n má baà gbàgbé.

Lẹ́yìn tí eléré bá ti kí wọn pé ó dàbọ̀, ẹ tan iná ńlá sórí pápá kí èrò lè ríran lọ, kí ẹ má sì pa jẹnẹrétọ̀ títí wọ́n á fi tán. Ẹ tú wáyà ká bí ẹ ṣe kọ nọ́ńbà sí i, ẹ kà á sínú àpótí, kí ẹni méjì fọwọ́ sí iye rẹ̀. Káàdì kámẹ́rà ni kí ẹ kọ́kọ́ bojú tó: ẹ dà á sórí hárdì dísìkì méjì, ẹ ṣí fáìlì díẹ̀ wò, kí ọ̀kan bá yín sùn, kí èkejì bá ẹlòmíì lọ nínú ọkọ̀ mìíràn. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó lọ ra gúgúrú lọ́wọ́ ìyá yẹn, bí ó bá ṣì kù, kí ẹ bi í pé kí ni ìlù wí nígbà tí ọba ń wọlé.